Èépá Òjé Inú Ọ̀pá Ìbọn: Ìtàn Iṣẹ́ Kékeré Kan Tí Ó Gbé Ogun Dúró

Nígbàkígbà tí a bá ń pìtàn Ogun Kírìjì, orúkọ àwọn akọni ni ó máa ń kún ẹnu wa: Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ti Iléṣà, àti Àrẹ Látòósà ti Ìbàdàn tí wọ́n dojú ìjà kọ. A máa ń sọ bí ìbọn ṣe dún tó. A kì í sọ ohun tí ẹni tí ó yin ìbọn náà ní láti ṣe nígbà tí ariwo bá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la nígbà tí olúkúlùkù bá ti padà sí bùdó: iṣẹ́ fífọ ihò ìbọn. Ìtàn iṣẹ́ kékeré yìí ni a fẹ́ sọ lọ́dún yìí, nítorí ó kan àwọn ìbọn àtijọ́ tí ó ṣì kù nínú ilé ẹlòmíràn nínú wa, ó sì kan ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ó lè fi wọ́n ṣeré.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí òjé jẹ́. Òjé ni irin aláwọ̀ eérú tí ó wúwo púpọ̀, tí ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná fi lè fa ìlà sí i lára. Iná ààrò lásán lè yọ́ ọ, nítorí ní ìwọ̀n 327 Sẹ́ntígíréèdì ó ti di omi, nígbà tí irin gidi kò ní í yọ́ títí iná rẹ̀ yóò fi kọjá 1,500. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá mọ òjé dáadáa, nítorí ẹ̀gbà òjé wà lára ohun ọ̀ṣọ́ wọn. Àwọn oníbọn gbogbo ayé sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìdí mẹ́ta. Ó wúwo, nítorí náà ó ń lọ jìnnà. Ó rọ̀, nítorí náà kì í jẹ irin ìbọn run. Ó sì rọrùn láti yọ́, kí a dà á sínú ihò tí a ti gbẹ́ sílẹ̀, kí ó sì di ọta.

Nínú rírọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a ti ọta láti ẹ̀yìn. Bí ọta kò bá dí ihò náà pa dáadáa, afẹ́fẹ́ yẹn a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, a yọ́ díẹ̀ nínú òjé, a sì fọ́n ọn mọ́ ara irin. Níbi tí ihò bá sì ti rí gbágungbàgun, irin a máa ha òjé sílẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń rin ẹ̀gẹ́. Ìbọn kan tí a yìn kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí a bá ti yìn ín yìn ín, èépá òjé a lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ihò a há, ọta kò sì ní í rìn tààrà mọ́. Bí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ẹ̀tù tí kò rí ọ̀nà gbà jáde lè fa ọ̀pá ìbọn ya, kí ó sì pa oníbọn lára. Lábẹ́ èépá náà pẹ̀lú, ọ̀rinrin a máa fara pamọ́, irin a sì máa dógùn-ún níbi tí ojú kò tó.

A kò gbọdọ̀ da èépá òjé yìí pọ̀ mọ́ èérí ẹ̀tù. Ẹ̀tù dúdú ayé àtijọ́, tí a fi èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní saltpetre pò, kì í jó tán. Ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Èéfín àti eérú ni ó ń dà. Eérú náà a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ irin. Omi gbígbóná lè tú u kúrò. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná, bí ó ti wù kí ó gbóná tó nínú ìkòkò, kò lè tú òjé. Ẹni tí ó bá da omi sínú ọ̀pá ìbọn, tí ó rí i pé omi náà ti mọ́, tí ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí, ó lè ti fọ èyí tí ó rọrùn, kí ó sì fi èyí tí ó le sílẹ̀.

Ìbọn tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ni ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń kó wá sí etíkun wa, tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Denmark pè. Inú ihò rẹ̀ ń dán, kò ní ìlà kankan. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta, tí a ó sì fi ọ̀pá gún wọn lọ sí ìdí. Ọta rẹ̀ kì í sì í ṣe òjé ní gbogbo ìgbà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa gé irin wẹ́wẹ́ fún un. Nítorí náà, èérí ẹ̀tù ni ọ̀tá ṣakabùlà ju òjé lọ. Omi gbígbóná, àkísà tí a wé mọ́ ọ̀pá, àti òróró díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, tó fún un.

Ìbọn onílà ni ó mú ọ̀ràn òjé dé. Ìgbà tí ó súnmọ́ ọdún 1500 ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Jámánì ti mọ̀ pé bí a bá gbẹ́ ìlà sínú ihò ìbọn, tí ìlà náà sì lọ́ bí okùn, ọta yóò máa yí bí òkòtó bí ó ti ń jáde, yóò sì rìn tààrà. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ráífù. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ ní láti fún mọ́ ihò kí ìlà tó lè dì í mú, àwọn ìlà náà sì ni èépá òjé fẹ́ràn láti sá sí. Ẹlòmíràn a máa fi òòlù igi kan ọta wọlé láti ẹnu ìbọn. Bí èérí bá sì ti pọ̀, kíkì ìbọn kan a di làálàá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀gágun fi ráífù sílẹ̀ fún ọdẹ àti ìwọ̀nba ọmọ ogun díẹ̀ nítorí èyí.

Ní ọdún 1849, ọ̀gágun Faransé kan tí ń jẹ́ Claude-Étienne Minié gbé ọta òjé kan jáde tí ìdí rẹ̀ jìn bí ife. Ó kéré ju ihò ìbọn lọ, nítorí náà ó ń wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tù bá ti gbiná, ìdí rẹ̀ a fẹ̀, a sì di àwọn ìlà mú. Gẹ̀ẹ́sì gba irú ọgbọ́n yìí fún ìbọn Enfield ti ọdún 1853. Ìwé ni a fi di ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ pọ̀, èyí ni kátíríìjì. Ológun a fi eyín ya ìwé náà, a da ẹ̀tù sínú ìbọn, a sì ti ọta wọlé. Kí èérí ẹ̀tù má baà le, kí ọta sì lè kọjá láìfi ara ha irin, a fi ọ̀rá àti ìda oyin pa ìwé tí ó yí ọta ká. Ọ̀rá díẹ̀ yìí, tí a fi pa ìwé nítorí kí ihò ìbọn má baà dí, ni ó mi ìjọba ńlá kan.

Ní ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí Kọ́ńpìnnì East India ti ń ṣàkóso pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí a gbà láti inú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni a fi pa kátíríìjì tuntun. Àwọn Híńdù kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ti màlúù, àwọn Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1857, ní ìlú Meerut, àwọn ológun ẹlẹ́ṣin 85 kọ̀ láti gba kátíríìjì. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n ní ojú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ó fà á, nítorí ìbínú lórí ilẹ̀, owó orí àti oyè àwọn ọba ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ni ìṣáná tí ó ran igi gbígbẹ. Ní ọdún 1858, a gba ìṣàkóso Íńdíà kúrò lọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì náà, a sì fi í lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣètò bí ìbọn yóò ṣe mọ́ kò bi àwọn tí yóò fi ẹnu ya á léèrè.

Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Elijah D. Williams gba ìwé-ẹ̀tọ́ ní ọdún 1862 lórí ọta tí a fi àwo síǹkì pẹlẹbẹ kan sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, àwo náà a fẹ̀, a sì máa ha inú ihò bí ó ti ń kọjá lọ. Ọta tí ń gbá ọ̀nà fún ọta tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Wọ́n di díẹ̀ nínú irú rẹ̀ mọ́ àwọn ọta yòókù fún àwọn ọmọ ogun ìhà Àríwá.

Nísinsin yìí ni ìtàn yìí dé ilé. Ní ọdún 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọn Enfield padà sí ìbọn tí a ń ki láti ìdí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Snider. Ihò rẹ̀ tó mìlímítà 14 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀, ọta òjé rírọ̀ rẹ̀ sì tó gíráàmù 31 ní ìwúwo, pẹ̀lú ìda oyin nínú àwọn ìlà tí a fà yí ọta náà ká. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín nígbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníbọn àkì-lẹ́nu kò lè kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn mìíràn tí ó dára jù ú lọ, ọ̀pọ̀ Snider di ọjà ní ayé gbogbo.

Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn òpìtàn a máa ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá ní bùdó títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Sàró tí a ti kó lẹ́rú rí, dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn àti ọta, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Snider wà lára ohun tí ó dé sí bùdó, ó sì mú ìrọ̀rùn bá àwọn tí Ìbàdàn ti ń fi iye ènìyàn borí. Orúkọ ogun náà pàápàá, Kírìjì, láti inú ìró ìbọn ni ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí níbí ni a ti rí ara wa nínú ìtàn náà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn odi ni wọ́n fi ráífù ránṣẹ́. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ráífù kì í ṣe ṣakabùlà. Alágbẹ̀dẹ ilé lè gé irin fún ṣakabùlà; kò rọrùn fún un láti ṣe kátíríìjì Snider, tí a fi pẹlẹbẹ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ara rẹ̀. Omi àti àkísà tó fún ṣakabùlà. Snider ní ìlà nínú, ọta rẹ̀ sì jẹ́ òjé rírọ̀, nítorí náà ó fẹ́ òróró, ó fẹ́ ọ̀pá ìfọ̀ tí ó bá a mu, ó sì fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ ráífù lò fi ní iyì ní bùdó, tí ọ̀nà Èkó fi ní láti ṣí sílẹ̀ títí. Ẹ̀bùn tí ó ti Èkó wá kò parí ní ọjọ́ tí ó dé. Ojoojúmọ́ ni ó ń béèrè ìtọ́jú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọdún tí ó ṣáájú ni Látòósà ti kú sí bùdó.

Ayé ìbọn kò dúró. Ní ọdún 1871, Gẹ̀ẹ́sì gba Martini-Henry. Wọ́n pa tánganran díẹ̀ pọ̀ mọ́ òjé ọta rẹ̀ kí ó lè le, ìdá kan tánganran sí ìdá méjìlá òjé, wọ́n sì wé ìwé mọ́ ọn kí òjé má baà fara kan irin rárá. Ní ọdún 1882, Eduard Rubin ní ilẹ̀ Swítsàlándì fi bàbà bo òjé. Ní ọdún 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí kò ní èéfín púpọ̀. Agbára ẹ̀tù tuntun yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjé lásán kì bá fi yọ́ bo gbogbo ihò, bí kò bá sí ẹ̀wù bàbà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn èépá òjé ṣe kúrò lọ́rọ̀ àwọn ológun, tí ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá.

Báwo ni a ṣe ń yọ ọ́? Ọ̀nà tí ó dára jù ni èyí tí ó lọ́ra jù. A ó fi òróró rin inú ọ̀pá ìbọn, a ó sì fi í sílẹ̀ títí òróró yóò fi wọ abẹ́ èépá. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì tí a fi wáyà idẹ ṣe, tàbí aṣọ wáyà idẹ tí a wé mọ́ orí ọ̀pá, ni a ó máa tì lọ tí a ó sì máa fà bọ̀. Idẹ le ju òjé lọ, ó sì rọ̀ ju irin ìbọn lọ. Nítorí náà ó ń ha èépá, kì í ha ìbọn. Àkísà funfun ni a ó fi nu ún, títí ìpẹ́pẹ́ aláwọ̀ eérú kò fi ní í jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn oníkánjú wá ọ̀nà àbùjá. Ní ayé àtijọ́, àwọn kan a máa da mẹ́kúrì, irin tí ń ṣàn bí omi, sínú ọ̀pá ìbọn, wọn a dí ojú méjèèjì, wọn a sì máa yí i. Mẹ́kúrì a gbé òjé mì, ìbọn a mọ́ tónítóní, oníbọn a sì fa èéfín mẹ́kúrì símú. Ní ìgbà tiwa, àwọn mìíràn a máa po ọtí kíkan mọ́ kẹ́míkà tí a fi ń fọ ojú ọgbẹ́. Ó ń tú òjé lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí ó kù nílẹ̀ ti di májèlé tí awọ ara àti ilẹ̀ lè mu. Ẹni tí ó fi májèlé kan lé òmíràn kò tíì fọ nǹkan kan. Ó kàn gbé èérí kúrò nínú ìbọn sínú ilé ni.

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Àwọn baba wa kà òjé sí ohun ìjà nígbà tí ó bá ń fò. A ti wá mọ̀ lónìí pé ó lè pani nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́. Eruku rẹ̀ a máa gba imú àti ẹnu wọlé, a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì lọ gbé inú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń ba kíndìnrín àgbà jẹ́, ó ń kó bá oyún inú, ó sì ń dín ọgbọ́n orí ọmọdé kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n kan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọdé lára. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn. Ó ju 400 ọmọ lọ tí ó kú. Kò sí ẹni tí ó yin ìbọn kankan níbẹ̀. Eruku ni.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ìdílé tí ìbọn àtijọ́ wà nílé wọn. Èkínní, ẹ má ṣe rò pé ìbọn tí ó ti pẹ́ kò ní nǹkan nínú. Ẹ̀tù dúdú tí kò rí omi lè gbiná lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbà sì ti ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ha a, ẹ má sì ṣe yọ́ òjé nínú ìkòkò tí a fi ń se oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fọ ìbọn, kí ó fọ̀ ọ́ ní ìta, kí ó di àkísà rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun tàbí kí ó tó gbé ọmọ. Ẹ̀kẹta, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ yín pé, tàbí kí ẹ bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sọ̀rọ̀ nípa fífi í pamọ́ níbi tí ọmọ ọmọ wa yóò ti lè rí i. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ogun tí ó gbé e lọ sílẹ̀, nítorí ìpáàrà tí ń jẹ ìrántí yára ju èyí tí ń jẹ irin lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn odi, ọ̀rọ̀ tiyín ni a fi kádìí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ ní Èkó fi ohun tí ó dára ránṣẹ́ sílé, àwọn ará ilé sì ní láti máa tọ́jú rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ omi tàbí ẹ̀rọ iná ránṣẹ́ sí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ kún un. Bí àwa tí a wà nílé bá sì gbà á, kí a má ṣe jẹ́ kí èépá rẹ̀ di ti ọ̀la. Iṣẹ́ kékeré tí kò ní orin ni ó gbé ogun ńlá dúró.

Kí Olódùmarè dá ìlú wa sí. Àṣẹ.